Ọ̀sẹ̀ Eré Ìje: Ta Ni Ó Mọ Orúkọ Ọmọ Yín?

Àsìkò tí oòrùn ń mú ganrínganrín, tí òjò kò tíì fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, ni àsìkò eré ìje ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Láti oṣù Kejì títí dé ìparí oṣù Kẹta, ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí a má gbọ́ ìró ìlù àti fèrè láti pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan tàbí òmíràn, láti Èbúté Ìkòròdú níhìn-ín títí dé Ẹ̀pẹ́. Ìwé ìpè yóò dé ọwọ́ òbí. Bàbá yóò wá àyè kúrò nídìí iṣẹ́, ìyá yóò se ìrẹsì sínú abọ́ onídèérí, wọn yóò sì lọ wo ọmọ wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni òbí ń rí nínú ọjọ́ méje, ife tí a gbé ka orí tábìlì ni ó sì ń gba ojú rẹ̀. Àwa tí a ti fi iṣẹ́ akọ̀wé jẹun láti ìgbà èwe wa, tí a sì máa ń pè wá láti jókòó nídìí ìwé máàkì ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, fẹ́ mú yín rin ọ̀sẹ̀ náà já láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, pàápàá ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin tí ń sùn sínú ọgbà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò kò sí lórí tábìlì ife. Òun ni èyí: ǹjẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ ọmọ yín ní orúkọ? Bí ọmọ náà kò bá sí ní ààyè rẹ̀ fún wákàtí kan, ǹjẹ́ ẹnìkan yóò mọ̀?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti “ilé” tí àwọn ọmọ ń tìtorí rẹ̀ pariwo. Nígbà tí Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ṣí CMS Grammar School ní Èkó ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 1859, ọmọkùnrin mẹ́fà péré ni ó fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ń gbé inú ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó ní ọmọ mẹ́fà lábẹ́ òrùlé kan kò nílò rẹ́jísítà kí ó tó mọ ẹni tí kò jẹun. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin ń pọ̀ sí i: Methodist Boys’ High School dé ní 1878, King’s College ní 1909, St. Gregory’s College ní 1928, Igbobi College ní 1932. Àwọn ọmọ di ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀, ojú ọ̀gá kan ṣoṣo kò sì ká wọn mọ́. Nítorí náà ni a ṣe tẹ̀lé àṣà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a pín àwọn ọmọ sí ilé mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àti àwọ̀ tirẹ̀; olùkọ́ kan ń bójú tó o, ọmọ àgbà kan sì jẹ́ olórí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibùgbé ni ilé wọ̀nyí kọ́kọ́ jẹ́, níbi tí olùkọ́ kan ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ tí a fi sí i lọ́wọ́. Ìdí pàtàkì tí ilé fi wà ni pé kí iye ọmọ má pọ̀ ju èyí tí ènìyàn kan lè mọ̀ dunjú lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, agogo a dún kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Àwọn ọmọ a jáde, wọn a tò níwájú yàrá ìsùn, pírífẹ́ẹ̀tì a sì pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá dáhùn, a ó lọ wò ó lórí ibùsùn rẹ̀ bóyá ibà ti mú un. Lẹ́yìn èyí ni a ó pín àdá, ilé kọ̀ọ̀kan a sì gba igun tirẹ̀ nínú pápá láti ṣán. Iṣẹ́ yìí kì í wu àwọn ọmọ ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣán pápá kì í fẹ́ da ìdọ̀tí sí i.

Pápá pàápàá ti ń di ohun ọ̀wọ́n. Ibi tí a lè la ọ̀nà ìje 400 mítà sí gẹ́gẹ́ bí òfin eré ìje ti là á kalẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó 177 mítà, kí ó sì fẹ̀ tó 93 mítà. Mélòó nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀bá ọ̀sà ni ó ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí? Nígbà tí Alhaji Lateef Jakande di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1979, tí ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, tí ó sì fòpin sí àṣà pé kí àwọn kan lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀ kí àwọn mìíràn lọ ní ọ̀sán, dandan ni kí a kọ́ kíláàsì púpọ̀ kíákíá. Ọmọ tí kò rí ibi jókòó kàwé kò lè bèèrè ibi tí yóò ti sáré. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni a ti ń bá a lọ láti gé pápá díẹ̀díẹ̀, lónìí fún kíláàsì, lọ́la fún ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ kì í torí èyí pa eré tì. Yóò la ilà tààrà ọgọ́rùn-ún mítà, yóò tọrọ pápá lọ́wọ́ aládùúgbò fún ọjọ́ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì sáré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú ni a fi ń dán ẹsẹ̀ wò. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà ṣe é, ibẹ̀ ni a sì ti ń mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń bá lò. Ọ̀nà kìíní ni pé kí a kó gbogbo ọmọ jọ, kí a ní kí wọn sáré, kí a mú àwọn mẹ́ta tí ó yára jù lọ, kí a sì sọ fún àwọn ìyókù pé kí wọn lọ kọ́ orin àti àtẹ́wọ́. Ọ̀nà yìí kò gba àkókò. Ọ̀nà kejì gba sùúrù. A ó fi ìwọ̀n kan lélẹ̀ fún ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan: iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ó yẹ kí ọmọ ọdún méjìlá fi sá ọgọ́rùn-ún mítà, gíga tí ó yẹ kí ó lè fò kọjá, ibi tí ó yẹ kí bọ́ọ̀lù tí ó jù balẹ̀ sí. Ọmọ tí ó bá dé ìwọ̀n yìí, ì báà jẹ́ òun ni ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ó jọ sá a, ó ti gba máàkì kan fún ilé rẹ̀.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ilé kan bá ní ọgọ́ta ọmọ, tí ìdajì wọn sì dé ìwọ̀n nínú eré méjì péré, ọgọ́ta máàkì ti wọlé kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó dé. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ nínú ilé, bí ó bá gba ipò kìíní nínú eré mẹ́ta, tí ipò kìíní sì jẹ́ máàkì márùn-ún, máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó mú wá. A kò wí pé kí a má fi ògo fún un. Ohun tí à ń wí ni pé ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, olórí ilé kò ní lè jókòó ti àwọn asáré rẹ̀ nìkan. Dandan ni kí ó wá ọmọ tí ó sanra, ọmọ tí ń tijú, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú mìíràn dé, kí ó sì wí fún un pé, “Ọ̀rẹ́, ó ku ìṣẹ́jú-àáyá kan péré fún ọ, jẹ́ kí a jọ sá a lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìrọ̀lẹ́.” Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnìkan ti mọ orúkọ ọmọ yẹn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ìwé máàkì ni ó sọ ọ́ di òtítọ́ lójú àwọn ọmọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa ń kẹ́gàn àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá. Gbogbo Èkó ni ó mọ St. Finbarr’s College, tí Fáda Denis Slattery, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, dá sílẹ̀ ní 1956. Láti ibẹ̀ ni Henry Nwosu àti Stephen Keshi ti jáde. Keshi ni ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994, òun náà ni ó sì jẹ́ olùkọ́ wọn nígbà tí wọ́n tún gbà á ní 2013. Orúkọ rere ni fún ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ọmọkùnrin tí ó ti wọ ṣòkòtò ilé-ìwé láti ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì ka iye Keshi tí a ní. Eré ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ṣe àǹfààní fún ọmọ kan ṣoṣo tí yóò di olókìkí, kí ó sì ṣe àǹfààní fún àwọn tí yóò di akọ̀wé, alágbẹ̀dẹ, apẹja àti oníṣègùn. Àwọn wọ̀nyí ni ó pọ̀ jù.

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí a ń mọ ìwà àwọn ọmọ àgbà. Eré ti súnmọ́, ara ń gbóná, àwọn asáré ń fẹ́ ìtọ́jú. Omi gbọ́dọ̀ dé, bàtà gbọ́dọ̀ mọ́, àwọn ọmọ kékeré ni a ó sì rán. Kò sí ohun tí ó burú nínú iṣẹ́ jíjẹ́ ní ilẹ̀ wa. Àbúrò a máa jẹ́ iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n a sì máa jà fún àbúrò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọmọ tuntun kọ̀ọ̀kan a máa ní ọmọ àgbà kan tí ó ń pè ní bàbá rẹ̀ ní ilé-ìwé. Ẹni yìí ni ó ń kọ́ ọ bí a ti ń ta àpò ẹ̀fọn, bí a ti ń fọ aṣọ funfun, bí a ti ń kọ lẹ́tà sílé. Àṣà rere ni.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ àgbà bá sọ àbúrò di ẹrú, tí ó ń gba gàrí àti ṣúgà rẹ̀, tí ó ń jí i ní òru láti kúnlẹ̀, tí ó sì ń fi pàṣán lé e nítorí pé ilé wọn pàdánù eré, nígbà náà èyí ti kúrò ní ẹ̀kọ́, ó ti di ìkà. Ìbáwí jẹ́ ti olùkọ́. A kò fi pàṣán lé ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ láti máa lu ọmọ ilé-ìwé. Ohun tí ó sì ń mú kí irú nǹkan báyìí pẹ́ ni pé a kì í pe orúkọ ní òru. Olùkọ́ alábòójútó tí ó ń rin yàrá ìsùn já pẹ̀lú iná lọ́wọ́, tí ó sì ń wo ojú àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní pẹ́ kí ó tó rí èyí tí ó sunkún sùn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, a ó po ẹfun, a ó fi fa ilà sí pápá. A ó ta àgọ́ pẹ̀lú màrìwò àti aṣọ, a ó sì yá àga lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. Oòrùn yóò pa àwọn ọmọ, eruku yóò bo wọ́n, ọ̀sà yóò sì máa dán ní ọ̀kánkán. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ ohun tí ó kàn. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin yóò yọ́ kẹ́lẹ́ lọ wẹ̀. Ọmọ apẹja nínú wọn mọ omi. Ọmọ tí ó ti òkè wá kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ kí a pe òun ní ojo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ènìyàn tí ó tó 300,000 ni ó kú sínú omi káàkiri ayé ní ọdún 2021, àti pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 5 sí 14, kíkú sínú omi ni ó wà ní ipò kẹta nínú àwọn ohun tí ń pa wọ́n jù lọ. Ó yà wá lẹ́nu pé àwa tí à ń gbé etí omi ń kọ́ ọmọ wa láti sáré, láti fò, láti gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n a fi odò wíwẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá rí i kọ́. Títí tí a ó fi tún èyí ṣe, kí a ka àwọn ọmọ kí wọn tó kúrò ní pápá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí a sì tún kà wọ́n nígbà oúnjẹ alẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. Ìlù ń dún, àwọn ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yan kọjá níwájú àwọn àlejò, apá wọn ń lọ sókè sódò bí ẹni pé okùn kan ni ó so wọ́n pọ̀. Àwọn eré kúkúrú a ṣáájú, lẹ́yìn náà fífò sókè àti fífò jìnnà, lẹ́yìn náà fífa okùn, èyí tí ń mú kí àwọn bàbá dìde lórí àga. Eré tí gbogbo ènìyàn ń dúró dè ni ti ọmọ mẹ́rin tí ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn, nítorí pé bí ẹnìkan nínú wọn bá jẹ́ kí ọ̀pá bọ́, ìyára àwọn mẹ́ta yòókù di asán.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ kò bá rí ọmọ yín láàárín àwọn asáré, ẹ má ṣe bojú jẹ́. Ìyá kan tí ó ti Ẹ̀pẹ́ wá jókòó nítòsí tábìlì wa ní ọdún kan. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sáré wá kí i, ó bi í pé, “Àkànní, níbo ni o wà láti òwúrọ̀? Èmi kò rí ọ níbi tí wọ́n ti ń sáré.”

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, Ìyá mi. Èmi ni mo ń di okùn mú níbi tí eré parí sí.”

“Okùn? Ṣé iṣẹ́ ni ìyẹn náà?”

“Iṣẹ́ ni, mà. Bí n kò bá dì í mú, wọn kì yóò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣí abọ́ ìrẹsì. Ohun tí ó dùn mọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni pé kò tọrọ àforíjì rárá. Ẹnìkan ti fún un ní ààyè, ó sì mọ̀ pé bí òun kò bá sí níbẹ̀, a ó wá òun.

Ó ku alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, èyí tí òbí kì í rí rárá. Àlejò ti lọ, ilẹ̀kùn ọgbà ti ṣí láti òwúrọ̀, ó ti rẹ olùkọ́ àti ọmọ. Irú alẹ́ yìí ni ó yẹ kí a pe orúkọ jù lọ. A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ohun tí ojú wa ti rí ní agbègbè yìí ni. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn ajínigbé wọ Babington Macaulay Junior Seminary ní Ìkòròdú, wọ́n sì kó ọmọbìnrin mẹ́ta lọ. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ni a tó rí wọn gbà padà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n wọ Lagos State Model College, Ìgbónlá, ní ìhà Ẹ̀pẹ́, wọ́n jí ọmọ àti olùkọ́ gbé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, wọ́n tún padà sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà yìí, wọ́n sì kó ọmọkùnrin mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni àwọn òbí wọn fi ń ka ọjọ́, títí di ọjọ́ 28 oṣù Keje tí a tú wọn sílẹ̀.

Ọgbà gíga dára, ọdẹ dára, ọlọ́pàá sì dára. Ojúṣe ìjọba àti ti àwọn tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ ni láti pèsè wọn, pàápàá níbi tí igbó àbàtà àti omi wà lẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n ọgbà kò lè ka ọmọ. Ìròyìn tí ó bá pẹ́ kí ó tó dé etí ọ̀gá ń fún ẹni ibi ní àyè láti jìnnà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ka ọmọ rẹ̀ nídìí àdá, nídìí ìwọ̀n eré, nídìí oúnjẹ àti lórí ibùsùn, kò ní dúró di òwúrọ̀ kí ó tó mọ̀ pé ibùsùn kan ṣófo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ yóò wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn yóò máa tiro, wọn yóò sì tò lọ sí ilé ìsìn. Ilé tí ó borí àti ilé tí ó kẹ́yìn yóò jókòó lórí àga kan náà. Ní ọ̀sán wọn yóò kọ lẹ́tà sílé, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì gbàgbé láti sọ ohunkóhun bí kò ṣe pé owó wọn ti tán.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá lọ síbi eré ìje ní ọdún yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bèèrè nǹkan mẹ́rin. Èkíní, ẹ bi olùkọ́ alábòójútó ilé ọmọ yín pé, “Báwo ni ọmọ wa ṣe ń ṣe?” kí ẹ sì wò ó bóyá yóò kọ́kọ́ bèèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Èkejì, ẹ bi ọmọ yín ní ipa tí ó kó fún ilé rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ní, “N kò ṣe nǹkankan, wọ́n ní kí a máa pàtẹ́wọ́,” ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ béèrè ẹni tí ń pe orúkọ ní alẹ́, àti iye ìgbà. Ẹ̀kẹrin, ẹ mú ọmọ yín lọ sí ìdí igi kan níbi tí àwọn ọmọ àgbà kò sí, kí ẹ bi í bí ó ti ń sùn. Ẹ má kánjú. Ẹ jẹ́ kí ó dákẹ́ tó bí ó bá ti fẹ́.

Àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ yín kò rọrùn, owó yín kò sì tó iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ife yóò padà sọ́dọ̀ olùkọ́ àgbà ní ọdún tí ń bọ̀, ilé mìíràn yóò sì gbé e. Ọmọ tí ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó dáhùn pé “Mo wà níbí, sà,” òun ni èrè ọ̀sẹ̀ náà.